Àyẹ̀wò àwọn apaná àtijọ́ tí wọ́n ń tà ní Sábó, Ìkòròdú, àti ohun tí ó yẹ kí a fi rọ́pò wọn

Láàárín ẹrù tòkunbọ̀ tí ń wọ Ìkòròdú láti òkè òkun, àwọn apaná àtijọ́ ti ń yọjú. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní agbègbè Sábó tí ó kó mẹ́ta lára wọn sórí tábìlì níwájú: ọ̀kan jẹ́ sìlíńdà bàbà gíga tí wọ́n so rọ́bà kúkúrú mọ́ lára, èkejì jẹ́ páǹpù idẹ kékeré tí a lè fi ọwọ́ kan gbé, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ìgò róbótó aláwọ̀ búlúù tí omi kún inú rẹ̀. Wọ́n ti nu àwọn onírin náà títí wọ́n fi ń dán, kò sì yà mí lẹ́nu pé àwọn ènìyàn ń dúró wò wọ́n. Àwọn kan ń rà wọ́n láti fi ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn tí ó mú mi kọ àyẹ̀wò yìí ni àwọn tí ń rà wọ́n láti gbé kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí apaná gidi, nítorí pé ontàjà sọ fún wọn pé idẹ kì í bàjẹ́, àti pé owó rẹ̀ kéré sí ti tuntun.

Mo yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò dáadáa, mo bi ontàjà ní ìbéèrè, mo sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta apaná tuntun kí n lè fi wọ́n wé ara wọn. Kí n tètè sọ èrò mi: kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbára lé lónìí, páǹpù idẹ náà kò sì yẹ kí ó wọ inú ilé rárá.

Ìwọ̀n kan náà ni mo fi wọn gbogbo wọn. Iná tí ó ń jó odindi ilé run, kékeré ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì lè pa á láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì àkọ́kọ́. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di iṣẹ́ panápaná. Ẹni tí ó bá mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń dí láti Ògólóńtò dé Sábó, tí ó sì mọ àwọn àdúgbò wa tí ọkọ̀ ńlá kò lè rí ààyè gbà wọlé, yóò gbà pé bí ó ti wù kí àwọn panápaná yára tó, wọn kò lè débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ẹni tí ó bá wà nítòsí ni apaná ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù wà fún: ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ìyá tí ó pọn ọmọ, màmá àgbà, mẹ́gáàdì. Ṣé ẹni yẹn lè gbé e? Ṣé yóò mọ bí a ṣe ń lò ó láìjẹ́ pé ó ti lọ kọ́ ọ níbì kan? Ṣé ó lè pa irú iná tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyẹn iná epo jẹnẹrétọ̀, iná òróró gbígbóná, iná gáàsì ìdáná àti iná wáyà? Bí iná náà bá sì kú tán, ṣé ara ẹni tí ó pa á yóò dá ṣáṣá?

Àwọn tí ó kọ́kọ́ hùmọ̀ apaná kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ní 1723, Ambrose Godfrey ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí àgbá omi kan tí ẹ̀tù ìbọn wà nínú rẹ̀. Wọn yóò fi iná sí okùn rẹ̀, ẹ̀tù náà yóò bú, omi yóò sì fọ́n ká orí iná. Ó hàn gbangba pé a kò lè gbé irú èyí lé ọwọ́ ìyálé ilé. George William Manby, ọ̀gágun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó wá ṣe èyí tí ó jọ ti òde òní. Ó ti rí iná kan ní Edinburgh ní 1813 níbi tí omi àwọn panápaná kò ti lè dé àwọn àjà òkè, ó sì ronú pé ohun tí ènìyàn lè gbé gun àtẹ̀gùn ni wọ́n nílò. Ohun tí ó ṣe jáde ní 1818 jẹ́ ìkòkò bàbà tí ó gba nǹkan bí lítà 13 omi tí wọ́n po èròjà eérú igi mọ́, tí wọ́n sì fún atẹ́gùn mọ́ lórí. Èròjà yẹn náà ni ó wà nínú omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Èmi bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n Manby gan-an, nítorí pé agbára tí wọ́n ti fún pamọ́ sínú agolo, tí ó ń dúró de ọjọ́ ìlò, ni ọ̀pọ̀ apaná tuntun ṣì ń lò títí di òní.

Sìlíńdà bàbà tí ó wà ní Sábó kì í ṣe ti Manby. Ìran tí ó tẹ̀ lé e ni, èyí tí ó ń fi sódà àti ásíìdì ṣiṣẹ́. Ará Faransé kan, François Carlier, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1866 pẹ̀lú ásíìdì tí a ń rí nínú èso àjàrà. Ní 1881, Almon Granger ní Amẹ́ríkà lo ásíìdì tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn irú èyí tí ó wà nínú bátìrì ọkọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé. Omi tí wọ́n po báákín sódà mọ́ ni ó kún inú rẹ̀, nǹkan bíi lítà 9, wọ́n sì gbé ìgò ásíìdì kékeré kọ́ sí òkè nínú. Bí iná bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí ó gbé e yóò dorí rẹ̀ kodò. Ásíìdì yóò dà sínú omi sódà, gáàsì tí ó máa ń hó nínú míńírà yóò pọ̀ sí i lójijì, yóò sì ti omi náà jáde gba inú rọ́bà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, omi náà a sì dé ibi tí ó jìnnà tó mítà 9. Fún ilé ìtura, ilé eré àti ilé iṣẹ́ tí ó kún fún pákó, aṣọ àti ìwé, irinṣẹ́ tí ó dára ni nígbà tirẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò nílò páǹpù tàbí agbára kankan láti ìta, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí ènìyàn dúró jìnnà sí iná.

Àléébù rẹ̀ pọ̀ ju ẹ̀yẹ rẹ̀ lọ nínú ilé wa ti òde òní. Omi kò wúlò fún iná epo pẹtiróòlù, nítorí pé epo yóò léfòó sórí omi, yóò sì gbé iná náà kiri ilẹ̀. Lára òróró gbígbóná, omi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé yóò bú gbàù, yóò sì ta òróró oníná sí ojú àti ọwọ́ ẹni tí ó dà á. Lára wáyà tí iná mànàmáná wà nínú rẹ̀, ó lè pa ẹni tí ó di rọ́bà mú. Yàtọ̀ sí èyí, bí a bá ti dorí rẹ̀ kodò, kò sí bí a ṣe lè dá a dúró títí omi yóò fi tán. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ara bàbà náà. Kò sí agbára kankan nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó fi wà lára ògiri, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ bí ara rẹ̀ bá ti jẹ. Ọjọ́ tí iná bá ṣẹlẹ̀, tí gáàsì sì kún inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ojú ìlẹ̀pọ̀ rẹ̀ yóò já, ní ọwọ́ ẹni tí ó gbé e. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn ènìyàn, ó sì wà lára ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi jáwọ́ nínú ṣíṣe é ní 1969. Òfin ibi iṣẹ́ wọn sì ní kí wọ́n kó àwọn tí ó kù, tí wọ́n fi òjé lẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ìṣó kàn, kúrò lára ògiri kí ọdún 1982 tó wọlé. Ní Sábó, mo fi ìka tọ ojú ìlẹ̀pọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ sìlíńdà náà, mo sì rí ipata aláwọ̀ ewé tí aṣọ ìnura kò dé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ẹ fún ọ̀ṣọ́, kí ó rí i dájú pé kò sí ìgò ásíìdì nínú rẹ̀, kí ó sì yọ rọ́bà rẹ̀ kúrò kí àlejò má baà gbà pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgò búlúù kò gùn. Ní àwọn ọdún 1880 ni irú rẹ̀ gbòde ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi iyọ̀ ni wọ́n sábà máa ń rọ sínú rẹ̀, wọn yóò sì jù ú lu ìdí iná kí ó lè fọ́. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó láti pa iná kan tí ó ti mú aṣọ ìkélé, àfọ́kù ìgò yóò sì kún ilẹ̀ níbi tí àwọn ọmọdé ń sá kọjá. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi carbon tetrachloride, oògùn olómi kan tí ń pa iná, rọ́pò omi iyọ̀ nínú àwọn kan. Kò sí bí ojú lásán ṣe lè fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí pé méjèèjì mọ́ gaara bí ó ti rí nínú ìgò tí mo rí yìí.

Carbon tetrachloride yìí gan-an ni ọ̀ràn páǹpù idẹ. Ní 1911 ni iléeṣẹ́ Pyrene ti Delaware ní Amẹ́ríkà gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lò ó nígbà náà yóò yìn ín: ó kéré, ó gba nǹkan bíi lítà kan péré, ó ṣe é gbé kọ́ sínú mọ́tò, ọkọ̀ ojú omi, ilé ìdáná àti ọ́fíìsì. Ẹni tí ó dì í mú yóò máa fa ọwọ́ rẹ̀, yóò sì máa tì í, bí ẹni ń fọ́n táyà kẹ̀kẹ́, oògùn náà yóò sì máa tú síwájú. Ó ń pa iná epo, ó sì ń pa iná wáyà láìgbé iná mànàmáná wọ ara ènìyàn, èyí tí àwọn olómi kò lè ṣe. Kì í dì bí òtútù bá mú, kì í sì í ba ìwé tàbí aṣọ jẹ́. Bí mo bá fi ìbéèrè mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo kọ sókè wọ̀n ọ́n, páǹpù idẹ yìí ni yóò borí gbogbo àwọn àtijọ́.

Ìbéèrè kẹrin ni ó kùnà. Èéfín oògùn náà ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́, ó sì lè dá ènìyàn dùbúlẹ̀ bí ó bá pọ̀ nínú yàrá. Bí ó bá tún kan iná tàbí irin gbígbóná, ó máa ń di gáàsì phosgene, èyí tí àwọn ọmọ ogun fi pa ara wọn nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Páǹpù náà kò sì lè tú oògùn rẹ̀ jìnnà púpọ̀, nítorí náà ẹni tí ń pa iná ní láti súnmọ́ ọn, kí ó sì máa mí èéfín náà símú bí ó ti ń fa ọwọ́ páǹpù. Àwọn ènìyàn kú bẹ́ẹ̀ ní àwọn ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti rí ọ̀nà jáde. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù wa ní ọjà, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo níwájú, ẹrù títí dé òkè àjà, kò sí fèrèsé lẹ́yìn. Irú ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ra idẹ yìí lọ.

Nígbà tí mo gbé èyí tí ó wà ní Sábó, mo gbọ́ ohùn omi nínú rẹ̀. Ontàjà náà rò pé ohun rere ni, pé ó túmọ̀ sí pé ó ṣì kún. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó má fa á wò, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún un. Ó yẹ kí n sọ òdodo nípa ọkùnrin náà: ó ní ìwà pẹ̀lẹ́, ó jẹ́ kí n yẹ gbogbo rẹ̀ wò láìkánjú, ó sì gbé páǹpù náà kúrò lórí tábìlì lójú mi. Síbẹ̀, kò mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀kankan nínú wọn, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́ sínú wọn. Ẹni tí ó bá ń ta irú ọjà yìí yẹ kí ó kọ ọ́ sí ara rẹ̀ gàdàgbà pé ọ̀ṣọ́ ni, kí ó sì kọ̀ láti ta èyí tí oògùn bá ṣì wà nínú rẹ̀.

Fún ẹni tí ó ti ní ọ̀kan nílé, mo fẹ́ sọ èyí yékéyéké. Ẹ má ṣí i, ẹ má mì í, ẹ má sì fa á wò. Ẹ má sì dà á sínú gọ́tà tàbí sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé oògùn yìí wúwo ju omi lọ, a máa rì wọ inú ilẹ̀ títí yóò fi bá omi abẹ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kànga àti bọ́hòlù inú ọgbà ni ọ̀pọ̀ wa ní Ìkòròdú ń mu. Ẹ gbé e sí òde níbi tí òjìji wà, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, kí ẹ sì fi tó LASEPA, àjọ tí ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí iléeṣẹ́ panápaná létí.

Kí ni a ó wá rà? Àwọn tí wọ́n fi ìlò àwọn àtijọ́ kọ́gbọ́n ni wọ́n ṣe èyí tí a ń lò lónìí. Ní 1924, iléeṣẹ́ Walter Kidde ṣe apaná onígáàsì carbon dioxide nítorí pé iléeṣẹ́ tẹlifóònù Bell ń wá ohun tí yóò pa iná lára ẹ̀rọ tẹlifóònù láìba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ní 1928, iléeṣẹ́ DuGas mú báákín sódà, èyí tí Carlier ti pò mọ́ omi, wọ́n lò ó ní gbígbẹ, wọ́n sì fi gáàsì tì í jáde. Láti ibẹ̀ ni apaná oní-páúdà ti wá. Èyí tí ó ní lẹ́tà ABC lára, tí páúdà rẹ̀ jẹ́ monoammonium phosphate, ni ó gba ipò àkọ́kọ́ nínú àyẹ̀wò mi fún ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòròdú, nítorí pé ó ń pa iná aṣọ àti pákó, iná epo, iná gáàsì àti iná ara wáyà, kò sì sí ohun tí ẹni tí ń lò ó ní láti ṣe ju pé kí ó fa píìnì yọ, kí ó dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kí ó tẹ ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì máa gbá a lọ gbá a bọ̀ ní ìdí iná náà.

Níbi tí mo ti wo tuntun, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á dá iná epo sínú abọ́ irin nínú ọgbà wọn, ó sì pa á níṣojú mi kí n tó parí ìbéèrè tí mo ń bi í. Ó wú mi lórí. Ó tún jẹ́ kí n rí ohun tí àwọn ontàjà kì í sábà sọ: ìkuukùu páúdà gba gbogbo ibẹ̀, a kò rí ara wa fún ìgbà díẹ̀, ó sì bo gbogbo ohun tí ó wà nítòsí. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pọ̀ sí, páúdà yẹn yóò wọ inú ẹ̀rọ, yóò sì bà á jẹ́. Irú ibẹ̀ ni kí wọ́n ra onígáàsì fún. Kí ẹni tí ń lò ó má ṣe di ẹnu dúdú rẹ̀ mú, torí òtútù rẹ̀ lè bó ọwọ́, kí ó sì jáde kúrò ní yàrá kékeré bí iná bá ti kú, nítorí gáàsì náà ń lé afẹ́fẹ́ tí a ń mí.

Ní ti ìwọ̀n, oní-kílò 6 dára fún ṣọ́ọ̀bù àti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ka irin rẹ̀ mọ́ ọn, ó wúwo fún màmá àgbà. Fún ilé ìdáná, mo fara mọ́ oní-kílò 2. Oní-kílò 1 tí a ń rí nínú mọ́tò kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ kí ó tó tán, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi òun nìkan ṣọ́ ilé. Bí òróró inú agbada bá gbaná, ìdérí ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a pa gáàsì, kí a rọra fi ìdérí náà bò ó, nítorí pé agbára tí páúdà fi ń tú jáde lè ta òróró náà síta. Bí ó bá sì jẹ́ gáàsì ni ó ń jò tí ó sì ń jó, ẹnu sìlíńdà ni kí a kọ́kọ́ tì bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀, torí pé iná tí a pa nígbà tí gáàsì ṣì ń tú lè padà wá bú ní gbogbo yàrá.

Ẹ wo géèjì kí ẹ tó sanwó. Kí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àwọ̀ ewé, kí píìnì àti ìdè rẹ̀ sì pé. Onígáàsì kò ní géèjì, orí òṣùwọ̀n ni a ti ń mọ̀ bóyá ó kún. Ẹ wò ó bóyá àmì SON, àjọ tí ń bójú tó dídára ọjà ní Nàìjíríà, wà lára rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Àwọn kan wà ní ìgboro tí ń kun agolo ògbólógbòó ní ọ̀dà pupa, tí wọn yóò sì tà á bí tuntun. Ipata tí ó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀ àti ọ̀dà tí ó ta sí ara géèjì ni yóò tú wọn fó. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ti di dandan kí a tún un rọ, nítorí pé páúdà yóò ti há sí ẹnu fáàfù, gáàsì yóò sì máa jò díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbájáde, kì í ṣe lókè sítóòfù, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú un má baà ní láti na ọwọ́ kọjá lórí iná. Ẹ kọ 767 àti 112 sí ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn máa pe panápaná nígbà tí ẹni tí ó di apaná mú ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.